Bí Mo Ṣe Fi Lẹ́tà Ajẹyó Ta Ilé Màmá Oǹdó

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bó ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ tó. Ọjọ́ yẹn ni mo ta ilé Màmá Oǹdó, ilé oníyàrá mẹ́fà pẹ̀lú kànga tí kì í gbẹ, ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo gba ìdajì owó náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ọ̀hún kì í ṣe tèmi, n kò sì mọ̀ pé mo ń tà á. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá mú un láti àárín, ẹ ó rò pé olè ni mí. N kì í ṣe olè. Òmùgọ̀ ni mo jẹ́ nígbà náà.

Ìlú le lákòókò tí mò ń wí yìí. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kì í wọlé, bó bá sì wọlé, ọjà á ti gbé e mì kó tó dé ilé. Ní Àkúrẹ́ níbi tí mò ń gbé, tíṣà ń ta gààrì, akọ̀wé ń gẹ irun, nọ́ọ̀sì ń dín pọ́fù-pọ́fù níwájú ilé. Àmọ́ kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí kò nílò pátákó tí yóò kọ orúkọ iṣẹ́ náà sí. Ìyẹn ló bá èmi lára mu. Iṣẹ́ àtíìsì ni mo kọ́, àwa tí à ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára pátákó àti ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni, mo sì ní ìsọ̀ kékeré kan ní ọ̀nà tó lọ sí Ìjàrè.

Ọ̀gá mi ní ìwé àwòṣe lẹ́tà kan tó ti ya yángayànga. Ibẹ̀ ni mo ti rí irú lẹ́tà kan tó gba ọkàn mi pátápátá. Lẹ́tà ọ̀hún kò ní igun rárá. Róbótó ni gbogbo ara wọn, ó wú bíi fèrè ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Lẹ́tà B ní ikùn méjì, O sì fẹ́ẹ̀ bẹ́. Tí èèyàn bá wò wọ́n pẹ́, á máa ṣe é bíi kó rẹ́rìn-ín. Nínú ìlú tí gbogbo wa ti rù, tí ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí ọkùnrin, àwọn nìkan ló dà bí ẹni tó jẹun kánú. Mo bá sọ wọ́n ní Ajẹyó. Òyìnbó tó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé a ní lẹ́tà tó ń gba àmì nísàlẹ̀, ni mo bá ṣe àmì náà fúnra mi, mo sọ ọ́ di róbótó bí àgbálùmọ̀. Inú mi dùn sí ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kò fẹ́ràn Ajẹyó. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Uṣẹ́ ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní yẹ̀yẹ́. Lẹ́tà rẹ yìí ń jẹ àyè jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ògiri ti tán."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ìlara ló ń ṣe bàbá yìí.

Ká sòótọ́, Ajẹyó tà. Mo kọ ọ́ fún jẹ́lé-ó-sinmi, mo kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń dín pọ́fù-pọ́fù, mo kọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Èyí tí mo kọ fún káfíńtà kan ní Ìlú-Àbò nìkan ló mú ọ̀rọ̀ dání. Pósí ni ọkùnrin náà ń kàn. Mo kọ PÓSÍ TÓ DÁRA WÀ NÍBÍ sára pátákó rẹ̀, ní àwọ̀ yẹ́lò, mo fi pupa rẹ́súrẹ́sú yí i ká. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ló wá bá mi ní ìsọ̀, inú ń bí i. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta ti wá bi òun pé èló ni ẹyọ kan, wọ́n rò pé nǹkan jíjẹ ni. Ó ní obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọkọ rẹ̀ wá, ó rí pátákó náà, ẹ̀rín pa á, ó wá bú sẹ́kún nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n gbọ́n látibẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ojú ará Ìlú-Àbò kò tíì là sí nǹkan ìgbàlódé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wà nígbà tí dẹ́rẹ́bà kan mú ìránṣẹ́ wá fún mi láti Oǹdó. Ó ní Màmá ní kí n máa bọ̀ kíákíá, kí n sì mú ọ̀dà pupa dání.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Oǹdó. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí wọn, Oǹdó ni wọ́n lọ́kọ sí. Àwọn àti ọkọ wọn ló jọ kọ́ ilé ọ̀hún, Màmá ń ta aṣọ, ọkọ ń ra búlọ́ọ̀kù. Ọkọ kú, Màmá kò sì bímọ. Olórí ẹbí ọkọ wọn ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé inú ilé náà ni Màmá yóò wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nígbà tí ìlú bá le, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà kì í tó ọ̀gbà fún ojúkòkòrò.

Nígbà tí mo dé, Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mu omi tán. "Bàbá mi," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ẹnìkan ń ta ulé mọ́ mi lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àjèjì ti wá. Ìjẹta tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ wọn pálọ̀ mi. Mo ní kí ló ń wá, ó ní òun wá wo ulé tí òun fẹ́ rà. Mo ní ta ló ń tà á? Ó sá lọ."

Bọ̀dá Fẹ́mi wà níjòókòó lọ́jọ́ náà. Ọmọ àbúrò ọkọ Màmá ni, kò sì sí ọjọ́ Àìkú kan tí kì í wá jẹ iyán nílé wọn. Ó gbé iyán kan mì, ó mi orí, ó ní, "Ayé ti bàjẹ́, Màmá. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ ò tà. Kí wọ́n yé dà yín láàmú." Mo ní èèyàn gidi mà lẹ̀gbọ́n yìí.

Màmá wá kọjú sí mi. "Kọ ọ́ ní pupa. Kọ ọ́ kí ojú rẹ̀ le. Kí ẹni tó bá kà á mọ̀ pé ẹni tó ni ulé kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré."

Mo ní, "Ẹ fi ọkàn balẹ̀, Màmá."

Ọjọ́ kejì, Màmá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, èmi sì kojú ògiri. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n kọ kò pọ̀: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Mo wo ọ̀dà pupa, ó sú mi. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri lọ́tùn-ún lósì nílùú náà, gbogbo rẹ̀ pupa, gbogbo rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ bíi pé adìẹ ló ha á. Ṣé èmi náà ni màá wá kọ irú ìyẹn sára ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Mo bá gbé yẹ́lò tó ṣẹ́kù nínú àpò mi jáde. Mo fi pupa yí etí rẹ̀ ká kí wọ́n má bàa sọ pé n ò gbọ́ràn. Ajẹyó ni mo fi kọ ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá di iṣẹ́ nìyí. ILÉ YÌÍ nìkan ló gba gbogbo ògiri apá òsì, láti ìpẹ̀kun dé ẹnu géètì. FÚN TÍTÀ gba gbogbo apá ọ̀tún. Ó wá ku KÌ Í ṢE, kò sì sí ibi tí yóò wọ̀ àfi ara géètì onílẹ̀kùn méjì tó wà láàárín. Inú mi dùn débi tí mo fi jó. KÌ Í lára ìlẹ̀kùn kan, ṢE lára ìkejì, ó ṣe rẹ́gí bí ẹni pé torí èmi ni wọ́n ṣe ṣe géètì náà. Mo ti géètì pa, mo ní a ò ní ṣí i fún ọjọ́ méjì kí ọ̀dà lè gbẹ. Àwọn aládùúgbò tó máa ń wá pọn omi nínú kànga, nítorí ẹ̀rùn ni, ẹ̀rọ omi ìjọba ò sì yọ, wá ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́yìn.

Nígbà tí Màmá dé tí wọ́n rí i, wọ́n dúró lójú títì fún ìgbà pípẹ́. "Bàbá mi, ó dára o. Àmọ́ ó jọ pé ulé ń pe èèyàn wá jẹun."

"Màmá, òde òní nìyẹn. Tí kò bá fani mọ́ra, wọn ò ní dúró kà á. Tí wọ́n bá ti kà á, ẹ̀rù á bà wọ́n."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ ẹ̀."

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, Màmá ní ọ̀dà ti gbẹ. Wọ́n ṣí géètì gbayawu fún àwọn tó ń pọn omi, wọ́n ti ìlẹ̀kùn méjèèjì sínú, wọ́n fi òkúta dá wọn dúró, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti dáná. Èmi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá kànga. N kò jáde síta rárá. Kí ni mo fẹ́ lọ wò? Mo ti mọ̀ pé ó dára.

Ọkùnrin kan wọlé, aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní àgbẹ̀ kòkó ni òun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ohun tí ẹ kọ síta. Ó wù mí gan-an."

Orí mi wú. "Ẹ ṣé, sà."

"Ṣé ẹ̀yin ni mo lè bá sọ̀rọ̀ lé e lórí?"

"Èmi náà ni. Kò sí ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa bá sọ ọ́ nílùú yìí."

"Èló lẹ máa gbà?"

Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni mo máa ń gbà lórí ògiri. Mo tún bàtà rẹ̀ wò. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

Ó sún mọ́ mi. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kí ni?"

"Náírà ni, sà. Ẹ má bínú, nǹkan ti wọ́n ni."

Ọkùnrin náà fọwọ́ di ẹnu kànga mú. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọ̀rẹ́ tó ń wá irú ẹ̀, ẹ mú wọn wá. Màá ṣe tiwọn ní ẹ̀dínwó."

Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti ka àádọ́talérúgba náírà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun pé mo ti gba owó. Mo kọ ọ́ fún un, lẹ́tà Ajẹyó ni mo fi kọ ọ́, kó lè mọ̀ pé ojúlówó ni. Ó fi ìwé náà sí àyà, ó fẹ́ẹ̀ sáré jáde. Mo ní àwọn olówó tún wà láyé tó mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́.

Kò pé wákàtí kan tí èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Tọkọtaya kan wá, wọ́n ń fi ìka gbá ògiri wò. Pásítọ̀ kan wá, ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń ka iye àga tó lè gbà. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni òun fẹ́ fi ṣe. Mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rò ó lọ́kàn pé bóyá kí n tiẹ̀ kó ìsọ̀ mi wá sí Oǹdó, nítorí ó jọ pé àwọn ará ibí mọ ohun tó dára ju ará Àkúrẹ́ lọ. Ohun tó kàn ń yà mí lẹ́nu ni pé kí ni pásítọ̀ ń wá nínú yàrá.

Màmá gbọ́ ariwo, wọ́n jáde láti ilé ìdáná, wọ́n bá obìnrin kan tó ń yẹ abẹ́ ibùsùn wọn wò.

"Ta ni yín?"

"A wá wo ilé ni, Mà. A ní kó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Igbe tí Màmá ké, mo rò pé ejò ló bù wọ́n ṣán. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ti ta ulé mi! Wọ́n ti tà á!"

Mo jágbe mọ́ àwọn èèyàn náà: "Ta ló ta ilé? Ta ló gbójú gbóyà?"

Tíṣà àtijọ́ yẹn nàka sí mi. "Ìwọ náà kọ́? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lo pè é. Ọkùnrin tó san ìdajì wà lẹ́nu géètì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí gbogbo wọn tẹ̀lé mi jáde, kí wọ́n lọ ka ohun tó wà lára ògiri pẹ̀lú ojú ara wọn. Èmi ni mo ṣáájú. Mo dé òdìkejì títì, mo yíjú padà, mo sì ka iṣẹ́ ọwọ́ mi sókè ketekete. ILÉ YÌÍ. Lẹ́yìn náà ni géètì tó ṣí sílẹ̀, tí obìnrin méjì ń gbé garawa omi gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni FÚN TÍTÀ.

Mo sáré lọ ti géètì, àwọn tó ń pọn omi ní ta ni wèrè yìí, garawa ẹnìkan dà sí mi lára láti orí dé ẹsẹ̀. Mo gbé òkúta kúrò, mo ń pariwo pé, "Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n tì í! KÌ Í ṢE wà nínú!"

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá, omi ń ro lára mi, àádọ́talérúgba náírà tó ti tutù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo owó náà. Wọ́n wò mí. Ohùn wọn wálẹ̀ pátápátá.

"Bàbá mi, ṣé ìwọ ni? Láti ọjọ́ yìí wá, ṣé ìwọ ni?"

Mo ti jìyà láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ìbéèrè yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Owó wà lọ́wọ́ mi, ìwé tí mo fọwọ́ kọ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àkọlé wà lára ògiri. Bí wọ́n bá ní kí n ṣèdájọ́ ara mi, màá ní kí wọ́n gbé mi lọ.

Ibi tá a bá ara wa dé nìyẹn tí Bọ̀dá Fẹ́mi fi já wọlé láìwọ bàtà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Wọ́n ti sọ fún un nígboro pé Màmá ń ta ilé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Ta ló gba owó lórí ilé yìí? Ta nìyẹn? Màmá, ẹ ò lè tà á mọ́! Oníbàárà tèmi ti san tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá!"

Gbogbo ojú yí sí i. Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní, "Fẹ́mi, ṣé o ò ní o ti fi tó ìyá létí ni?"

Màmá dìde fúnra wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n sókè. "Fẹ́mi," ni wọ́n wí, "iyán mi ò tíì dà nínú rẹ." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe olórí ẹbí.

Olórí ẹbí dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Lójú gbogbo èrò, ó ní kí Fẹ́mi dá owó bàbá arúgbó padà, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé náà níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá wà láyé. Gbogbo àgbààgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Èmi náà dá owó àgbẹ̀ kòkó padà. Òun ló pẹ́ jù kó tó gbà. Ó ní kí n kúkú jọ̀ọ́ bá òun bẹ Màmá, òun á fi àádọ́ta náírà lé e.

Nígbà tí ilé ti dá, Màmá jókòó síwájú ìta, èmi náà jókòó. Ìtìjú ti ń dín kù lára mi díẹ̀díẹ̀, àṣà mi àtijọ́ sì ti ń padà bọ̀. Mo ní, "Màmá, ká má parọ́, tí kì í bá ṣe ti lẹ́tà mi, ṣé ẹ bá tètè mọ olè yìí?"

Wọ́n wò mí títí tí mo fi tẹrí ba.

"Mo mọ olè lóòótọ́. Àmọ́ kí Fẹ́mi tó dé, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ọmọ àbúrò mi ló fẹ́ lé mi síta. Ìyẹn ni lẹ́tà rẹ fi hàn mí lónìí. Dìde, lọ mú ọ̀dà pupa."

Mo dìde. Mo fi iyanrìn àti omi ha gbogbo ògiri náà àti géètì títí èékánná mi fi fẹ́ẹ̀ ká. Mo kọ ọ́ ní pupa, lẹ́tà tín-ín-rín tójú rẹ̀ le, gbogbo ọ̀rọ̀ náà lápá kan ṣoṣo. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé iṣẹ́ tí oníṣẹ́ bá ń fi ṣe fọ́ńté, orí oníṣẹ́ kọ́ ni ìyà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sí, orí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí wọn ó fi di ikùn mú. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín o, àfi ibi tí Màmá ti bi mí bóyá èmi ni. Tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń yára kọjá.